Fíríìjì tí ó ń tutù fún wákàtí méjì péré: àkọsílẹ̀ àtúnṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n rà lọ́dún 1962

Ìyá àgbà kan tí ó ń gbé ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta, ni ó ni ẹ̀rọ tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì ni ìyá náà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ tí ó ti di olóògbé ni ó ra fíríìjì náà ní ilé ìtajà Kingsway tí ó wà ní Marina, ní Èkó, lọ́dún 1962, rìsíìtì rẹ̀ sì ṣì wà nínú àpò láílọ́ọ̀nù kan ní ìyàrá ìyá náà nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é: àpótí irin tó wúwo, tí igun rẹ̀ rí roboto, tí ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ irin dídán tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fà kí ìkọ́ inú rẹ̀ tó tú, tí ó sì máa ń dún "kàà" bí ilẹ̀kùn mọ́tò àtijọ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá tì í. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka àkọsílẹ̀ yìí fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: láti ọdún 1962 títí di nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò fi gáàsì kún ti inú ẹ̀rọ náà rí. Ó lé ní 50 ọdún tí ó fi gáàsì kan náà ṣiṣẹ́.

Ohun tí ó wá ń ṣe é nígbà tí wọ́n pè mí kò jọ ohun tí a máa ń bá pàdé lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá tan iná sí i ní àárọ̀, yóò tutù dáadáa, àpótí yìnyín òkè rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń tó wákàtí méjì, yìnyín náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fún gáàsì pọ̀, kò dẹ́kun kíkùn. Bí wọ́n bá pa á di ọjọ́ kejì, yóò tún ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì mìíràn. Oníṣẹ́ mẹ́ta ni ó ti wá ṣáájú mi. Ẹni àkọ́kọ́ sọ pé gáàsì ti tán, ó sì fi gáàsì sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ó tún padà wá fi òmíràn sí i. Ẹni kejì pààrọ̀ tẹ̀mósítáàtì, ìyẹn súwíìṣì tí ń ṣọ́ bí inú rẹ̀ ṣe tutù tó. Ẹni kẹta ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti darúgbó, kí wọ́n mú owó wá kí òun fi ti ìgbàlódé rọ́pò rẹ̀. Ọmọ ìyá náà tí ó wà ní London ti fi owó fíríìjì tuntun ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyá kọ̀ jálẹ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Ọmọ mi, n kò ní kí o sọ ọ́ di tuntun. Kí ó sáà máa ṣe bí ó ṣe ń ṣe nígbà tí bàbá wọn wà láyé."

Kí n tó sọ ohun tí mo rí, ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ "gáàsì ti tán" yìí, nítorí òun ni ó kó bá ẹ̀rọ náà. Gáàsì fíríìjì kò dàbí epo mọ́tò. Ẹ́ńjìnì a máa jó epo. Fíríìjì kì í jó gáàsì, ó kàn ń fi í ru ooru láti inú àpótí bọ́ síta ni. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yóò fún gáàsì náà pọ̀ títí yóò fi gbóná. Páìpù dúdú tó wà lẹ́yìn fíríìjì yóò tú ooru náà sí afẹ́fẹ́ ilé, gáàsì yóò sì di omi. Omi yìí yóò gba inú kápílárì kọjá, ìyẹn páìpù bàbà tín-ín-rín tí ihò rẹ̀ kò ju ihò abẹ́rẹ́ ńlá lọ, yóò sì bọ́ sínú àpótí yìnyín, níbi tí yóò ti hó, tí yóò sì fa ooru ara oúnjẹ mọ́ra, kí ó tó padà sí ẹnu kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Àyíká tó dí pa ni. Bí gáàsì inú rẹ̀ bá dín kù, a jẹ́ pé ó ń jò, ẹni tí ó bá sì fi òmíràn sí i láìwá ibi tí ó ti ń jò ti gba owó iṣẹ́ tí kò ṣe. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa.

Mi ò tan iná sí ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wáyà tí ó ti ògiri wá sí ara rẹ̀ ṣì jẹ́ ti àtijọ́, pupa, dúdú àti àwọ̀ ewé, rọ́bà ara rẹ̀ sì ti gan débi pé ó ń fọ́ bí èèpo ẹ̀pà bí mo bá tẹ̀ ẹ́. Ti àwọ̀ ewé, tí ó yẹ kí ó bọ́ sílẹ̀ fún ààbò, kò tilẹ̀ kan ohunkóhun nínú púlọ́ọ̀gì. Ẹnì kan ti gé e kúrò. Ìyẹn ni pé bí wáyà pupa bá fi ara kan àpótí irin yẹn, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ni iná yóò gbà. Mo kọ́kọ́ yọ gbogbo wáyà náà kúrò, mo fi tuntun rọ́pò rẹ̀, mo sì so ti ilẹ̀ mọ́ ara irin níbi méjì.

Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ sídìí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ ikú. Pín mẹ́ta ni ó wà lára rẹ̀. Mo fi mítà wọn wọ́n ní méjìméjì láti mọ bí wáyà inú rẹ̀ ṣe ń dènà iná tó: óòmù 14 láàárín àkọ́kọ́ àti ìkejì, 27 láàárín àkọ́kọ́ àti ìkẹta, 41 láàárín ìkejì àti ìkẹta. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí yóò rí i pé 14 àti 27 jẹ́ 41 géérégé, èyí tí ó fi hàn pé wáyà inú rẹ̀ méjèèjì wà láìjá, wọn kò sì jó mọ́ra wọn. Mo wọn láti pín sí ara irin pẹ̀lú ẹ̀rọ onífóòtì 500 tí a fi ń mọ̀ bóyá iná ń jò sí ara irin, ó sì ju mẹ́gáòómù 20 lọ. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí ó bá ti jó kì í fún ènìyàn ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Lára báàjì ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ka ìyókù: fóòtì 220 sí 240, gáàsì R-12, ìwọ̀n áńsì 5, tí í ṣe nǹkan bíi gíráàmù 142.

Ní ọjọ́ kejì mo tan iná sí i, mo fa àga kan sún mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì jókòó. Mo gbà pé iṣẹ́ tí ó ṣòro jù fún oníṣẹ́ fíríìjì ni pé kí ó jókòó láìṣe nǹkan kan, nítorí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ a máa rò pé kò mọ ohun tí yóò ṣe ni. Ẹ̀rọ náà ń fa ámpìà 1.1. Mo ń gbọ́ gáàsì tí ó ń rọ́ ṣìì nínú àpótí yìnyín. Nígbà tí ó di wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 50, ìró yẹn dákẹ́ lójijì, bí ìgbà tí ènìyàn bá pa ẹ̀rọ omi. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò dákẹ́ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ámpìà rẹ̀ wálẹ̀ sí 0.8, páìpù tó ń darí gáàsì padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí túmọ̀ sí pé kò rí ohun tí yóò fún mọ́. Nǹkan kan ti dí ọ̀nà. Mo bẹ ìyá pé kí wọ́n bá mi gbé omi gbígbóná wá, mo rẹ aṣọ ìnujú sínú rẹ̀, mo fún un, mo sì fi í dì mọ́ ojú ibi tí kápílárì ti bọ́ sínú àpótí yìnyín. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí gáàsì fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́. Ìyá, tí ó dúró sẹ́yìn mi, gbọ́ ọ pẹ̀lú.

Ohun tí ó dí ọ̀nà náà ni omi gidi, kì í ṣe gáàsì tó di omi. Ìkán omi tí kò tó nǹkan ni ó wà nínú gáàsì, ó ń bá a yí ká títí yóò fi dé ẹnu kápílárì, níbi tí òtútù ti kọjá òdo, tí yóò sì dì síbẹ̀ bí òkúta. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ náà di àárọ̀, yìnyín kékeré yẹn yóò yọ́, ọ̀nà yóò sì là. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ wákàtí méjì, tí tẹ̀mósítáàtì tuntun kò sì ran ohunkóhun. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀, tí wọ́n ń pa làpálàpá.

Ó wá ku ìbéèrè kan: báwo ni omi ṣe wọ inú ẹ̀rọ tó dí pa? Mo yọ ilẹ̀kùn kékeré àpótí yìnyín kúrò, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀, mo sì rí gọ́ọ̀mù aláwọ̀ eérú kan ní ilẹ̀ àpótí náà, tí kò ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ, tí etí rẹ̀ sì ti là. Mo bi ìyá léèrè. Wọ́n ní àwọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ wọn, tí ó ti di géńdé báyìí, ni ó rọra sọ fún mi lẹ́yìnkùlé pé ní àsìkò Kérésìmesì ọdún tí ohun gbogbo bẹ̀rẹ̀, ẹja Titus dì mọ́ ilẹ̀ àpótí yìnyín, òun sì fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Ó ní òun gbọ́ tí ó dún "ṣìì", òun sì pa ilẹ̀kùn dé.

Páànù alumíníọ́mù méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni àpótí yìnyín irú fíríìjì bẹ́ẹ̀, àárín wọn sì ni ọ̀nà gáàsì gbà kọjá. Ọ̀bẹ kò ní láti wọlé jìnnà. Oníṣẹ́ àkọ́kọ́ rí ihò náà, mo gbọ́dọ̀ yìn ín fún ìyẹn, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù lásán ni ó fi dí i, ó sì fi gáàsì sí i láìfa afẹ́fẹ́ tó ti wọlé jáde. Gọ́ọ̀mù kì í fẹ̀, kì í sì í sún kì bíi ti alumíníọ́mù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí ó ti ń dì tí ó ń yọ́, ó là. Láti ìgbà náà, ihò kan ṣoṣo yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì tí ó lòdì sí ara wọn. R-12 a máa hó ní ìwọ̀n -29.8°C bí pírẹ́ṣọ̀ rẹ̀ bá bá ti afẹ́fẹ́ ayé dọ́gba. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró, pírẹ́ṣọ̀ inú ga ju ti ìta lọ, gáàsì a sì máa jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí gáàsì bá ti dín kù tí ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́, pírẹ́ṣọ̀ inú àpótí yìnyín yóò lọ sílẹ̀ ju ti ìta, ihò náà yóò sì máa fa afẹ́fẹ́ Abẹ́òkúta, tòun ti ọ̀rinrin rẹ̀, wọlé. Bí wọ́n ṣe ń fi gáàsì kún un tó, bẹ́ẹ̀ ni omi inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Mo sọ fún ìyá pé mo lè tún un ṣe, pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, pé kì í ṣe ní ilé wọn. A gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Pánṣẹ́kẹ́ pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́rin.

Ohun tí ó gba ìrònú mi jù lọ ni irú gáàsì tí mo máa lò. Kí R-12 tó dé, gáàsì olóró bíi amóníà àti sọ́fọ̀ díọ́ksáìdì ni wọ́n ń lò, ó sì ti pa àwọn ènìyàn nínú ilé wọn. Thomas Midgley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni ó mú R-12 jáde ní òpin àwọn ọdún 1920; kì í jó, kò sì ní oró, gbogbo ayé sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Lọ́dún 1974 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Mario Molina àti Sherwood Rowland fi hàn pé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ ń lọ ba ìpele ósóònù tí ń dáàbò bo ayé lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn jẹ́ lókè ọ̀run, iṣẹ́ tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún lọ́dún 1995. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Montreal lọ́dún 1987 ni ó fòpin sí ṣíṣe rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa sì ní títí di ọdún 2010 láti jáwọ́. Nítorí náà, èyí tó kù nínú fíríìjì ìyá, mo fà á sínú sílíńdà ọ̀tọ̀. Mi ò tú u sí afẹ́fẹ́.

Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbà mí níyànjú pé kí n lo R-600a tàbí kí n pò ó mọ́ R-290, nítorí àwọn méjèèjì bá ọ́ìlì àtijọ́ inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ mu, n kò sì ní láti yí ọ́ìlì padà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n gáàsì tí ń jó ni méjèèjì, irú kan náà pẹ̀lú gáàsì ìdáná. Nínú àpótí fíríìjì yìí gan-an ni tẹ̀mósítáàtì àti súwíìṣì gílóòbù wà, àwọn méjèèjì sì máa ń ta iná kékeré nígbà tí wọ́n bá ń tan tàbí tí wọ́n bá ń kú. Ká wá fi gáàsì tó ń jó sínú páànù tí a ti lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nínú àpótí tó ń dé pa, tí nǹkan tó ń ta iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ọkàn mi kò gbà á. Mo yan R-134a, tí ó ń hó ní -26.1°C, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé yóò fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ mi, nítorí kò bá ọ́ìlì àtijọ́ ṣe.

Rírà rẹ̀ pàápàá jẹ́ iṣẹ́. Ayédèrú R-134a wà lọ́jà, òmíràn nínú rẹ̀ sì ní R-40 nínú, gáàsì tí ó máa ń bá alumíníọ́mù jà. Lọ́dún 2011, àwọn kọ̀ntéénà amóúnjẹtutù tí irú gáàsì bẹ́ẹ̀ wà nínú wọn bú gbàù, àwọn òṣìṣẹ́ sì kú. Alumíníọ́mù sì ni àpótí yìnyín ìyá. Mo ra sílíńdà mi ní Aláàbà, mo gbé e sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù di ọjọ́ kejì kí ara rẹ̀ lè bá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dọ́gba, mo sì wọ̀n ọ́n. Ní 30°C, ó yẹ kí géèjì ka nǹkan bíi 97 psi, ìyẹn ìwọ̀n pírẹ́ṣọ̀, fún R-134a gidi. Tèmi ka 97. Ìdánwò yìí kò fi gbogbo nǹkan hàn, ṣùgbọ́n kò gbowó lórí, ó sì máa ń tú ayédèrú tí kò mọ́gbọ́n dání fó.

Mo yọ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, mo dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí garawa kan, mo sì jẹ́ kí ọ́ìlì inú rẹ̀ kán jáde fún gbogbo òru. Ó dúdú bíi tíì tí wọ́n gbàgbé lórí iná, ṣùgbọ́n kò rùn bí èyí tó ti jó. Mo wọn iye tó jáde, mo da iye kan náà nínú ọ́ìlì POE, irú èyí tí ó bá R-134a mu, padà, mo mì ín, mo tún dà á nù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó fi èyí tí yóò lò sí i. Ọ́ìlì POE a máa fa ọ̀rinrin bí iyọ̀ tí a ṣí sílẹ̀ nígbà òjò, nítorí náà mi ò ṣí agolo rẹ̀ títí di ìṣẹ́jú tí mo máa lò ó.

Nípa ihò ọ̀bẹ, ó yẹ kí n sọ àṣìṣe tèmi. Alumíníọ́mù a máa yọ́ ní 660°C, kì í sì í pọ́n kí ó tó yọ́ bí irin ṣe máa ń pọ́n. Ìṣẹ́jú kan ó wà níwájú rẹ, ìṣẹ́jú kejì ó ti jábọ́. Mo mọ èyí, síbẹ̀ mo gbé iná sún mọ́ ọn jù, ihò tí ó tó orí abẹ́rẹ́ sì di èyí tí ó tó ẹ̀wà. Mo jókòó, mo mu omi. Ní ọjọ́ kejì mo gé páànù alumíníọ́mù kékeré kan, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú méjèèjì títí wọ́n fi dán, mo lo ọ̀pá ìjórin alumíníọ́mù tí ń yọ́ ṣáájú páànù fúnra rẹ̀, mo sì ń fi iná kan ẹ̀yìn páànù dípò ojú ibi tí mo ń lẹ̀. Ó gbà.

Mo fi náítrójìn fọ kápílárì láti ẹnu rẹ̀ kejì títí afẹ́fẹ́ rẹ̀ fi jáde gbẹ. Mo lè gé e kí n fi tuntun sí i, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ ni àwọn tó ṣe é fi díwọ̀n ìṣàn gáàsì, mi ò sì rí ìdí tí mo fi máa ba ìṣirò wọn jẹ́. Fíltà ni mo pààrọ̀, èyí tó wà fún R-134a. Nígbà tí mo ti jó gbogbo ojú páìpù pọ̀ tán, mo fi náítrójìn sí i títí dé 150 psi, mo fi fóòmù ọṣẹ pa gbogbo ojú rẹ̀, mo sì fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Géèjì kò mì. Mo rí àwọn tó ń fi ọ́ksíjìn àwọn ajórin ṣe ìdánwò yìí nítorí pé òun ló wà nítòsí. Ọ́ksíjìn àti ọ́ìlì nínú páìpù tí pírẹ́ṣọ̀ rẹ̀ ga lè bú, kò sì ní fún ènìyàn láyè láti sá.

Ẹ̀rọ afafẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko: mo fa afẹ́fẹ́ jáde, mo fi náítrójìn gbígbẹ sí i, mo tún fà á jáde, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lú gílóòbù gbígbóná lára kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kí omi tó sá pamọ́ lè di oru omi. Nígbà tí ó dé máíkírọ́ọ̀nù 500, ìwọ̀n tí ó fi hàn pé afẹ́fẹ́ àti omi inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo ti fáàfù, mo sì dúró fún wákàtí kan. Kò padà sókè ju díẹ̀ lọ. Gáàsì ni mo wá fi òṣùwọ̀n wọ̀n. Ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n R-12 ni a sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ìyẹn gíráàmù 128. Mo fi 115 sí i, mo sì ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí yìnyín fi bo gbogbo páànù láìjẹ́ pé páìpù ìpadà ń dì. Gíráàmù 124 ni mo dúró sí. Mo kọ nọ́ńbà náà àti orúkọ gáàsì náà sára ìwé kékeré kan, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kí ẹni tí yóò wá lẹ́yìn mi má baà ṣe àfọwọ́fà.

Ara àpótí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìpẹtà ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, òwú gíláàsì tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn sì ti mu omi. Mo kó èyí tó tutù dànù, mo fi gbígbẹ dí i. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, nítorí náà omi ni a fi ń rẹ sáńpépà nígbà tí a ń ha á, a sì dí imú. Ẹni tó máa ń fín ọ̀dà mọ́tò ní àdúgbò wa ni ó bá mi fín in, àwọ̀ ọra mààlúù gan-an bó ṣe wà, tí ó fi ẹ̀yìn báàjì tí oòrùn kò dé wò.

Ọwọ́ ilẹ̀kùn ni èmi àti ìyá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ìkọ́ irú èyí kò ṣeé ṣí láti inú. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Amẹ́ríkà ni ó wọ inú fíríìjì àtijọ́ láti ṣeré, tí wọ́n sì kú síbẹ̀, títí ìjọba wọn fi ṣòfin lọ́dún 1956 pé gbogbo fíríìjì tuntun gbọ́dọ̀ ṣeé tì ṣí láti inú. Ilé ìyá kún fún ọmọ ọmọ. Mo sọ pé mo fẹ́ yọ ìkọ́ náà, kí n fi rọ́bà ẹnu ọ̀nà onímágínẹ́ẹ̀tì sí i. Ìyá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní, "Ìró yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé bàbá wọn ti dé láti ibi iṣẹ́. Omi tútù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń mu." Mi ò ní èsì. Mo mú ọwọ́ náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lééètì gé irin, ó sì bá mi ṣe bọ́ọ̀lù irin kékeré kan tí sípíríǹgì ń tì, tí ó wọ inú ihò tí ìkọ́ àtijọ́ ń wọ̀. Ó ń dún, kì í ṣe "kàà" ti tẹ́lẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ ọn. Òfin àwọn ará Amẹ́ríkà ní agbára tí a ó fi tì í ṣí láti inú kò gbọdọ̀ ju páùn 15 lọ, ìyẹn nǹkan bíi kílò 6.8; mo so òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja mọ́ etí ilẹ̀kùn níhà ọwọ́ rẹ̀, mo fà á, ó sì ṣí ní kílò 4.

A gbé e padà sí Ìbarà. Ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ yẹn mo wọn iná ilé, mo rí fóòtì 171, mo sì sọ pé bí kò bá sí sitẹbiláísà tí ń dá iná dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ó tó jẹ́ kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ padà bẹ̀rẹ̀, mo máa gbé ẹ̀rọ náà padà lọ. Wọ́n rà á lọ́jọ́ kejì. Pẹ̀lú 32°C nínú ilé ìdáná, ó gba wákàtí mẹ́rin kí àárín fíríìjì tó dé 5°C, àpótí yìnyín sì wà ní -16°C. Ó pẹ́ díẹ̀ ju bí R-12 ṣe máa ń ṣe lọ, mo sì ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wákàtí méjì kọjá, gbogbo wa la dúró sí ilé ìdáná láìsọ nǹkan kan, à ń fetí sí ìró gáàsì. Kò dákẹ́.

Oṣù mẹ́jọ ti kọjá báyìí. Ìyá so tẹmómítà kan mọ́ àárín fíríìjì náà, wọ́n sì fa ìlà sínú ìwé kíkọ ọmọ iléèwé, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún aláìsàn ní wọ́ọ̀dù: àárọ̀, alẹ́, ọjọ́, ìwọ̀n, àti àyè fún àkíyèsí. Ojú ìwé tí mo rí nígbà tí mo dé ibẹ̀ kẹ́yìn jẹ́ 4°C ní àárọ̀ àti 5°C ní alẹ́ fún ọjọ́ mẹ́fà léraléra. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni ó jẹ́ 9°C, níwájú rẹ̀ ni wọ́n sì kọ ọ́ sí pẹ̀lú bíró pupa pé: "Táíwò ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó ń wá ẹran."